Orí Karùn-ún: Ẹja Jíjẹ Létí Omi fún Ará Ọ̀fà Tó Gba Ìsinmi

Ọ̀fà kò ní etíkun. Odò Ọ̀yun tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá kì í ṣe omi tí ènìyàn ń lọ jókòó tì láti jẹ ẹja yíyan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tí a ń rà ní Ọjà Owódé, inú páálí ló ti jáde: Títù, kóòtè, pánlá. Ọkọ̀ òkun ló kó wọn wá láti Norway, Netherlands tàbí Mauritania, wọ́n sì ti sùn sí kóòdù-rúùmù bíi mélòó kan kí wọ́n tó dé orí àtẹ wa. Bí ìsinmi bá wá dé, tí ọmọ àti ìyàwó ní ká jáde, kò yani lẹ́nu pé ẹja tútù létí omi wà lára ohun tí ẹnu kọ́kọ́ máa ń bèèrè.

Ẹni tó fẹ́ ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni a kọ orí ìwé yìí fún. Ẹ óò rí ibi tó yẹ kí ẹ lọ níbẹ̀, ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ, bí ẹ óò ṣe yan ẹja, bí ẹ óò ṣe ná an, àti bí ẹ óò ṣe jẹ ẹ́ láìgbé àìsàn bọ̀ wálé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba èyí mú: jíjókòó sétí òkun kò sọ ẹja di tútù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ìlú òkè lọ sí etíkun Èkó, tí wọ́n san owó gọbọi lórí Títù yíyan, láìmọ̀ pé irú páálí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jà ilé ni ẹja náà ti jáde. Inú omi tútù ní apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì ni Títù ń gbé. Kò sí apẹja Èkó tó ń gbé e bọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣáájú ìbéèrè yòókù ni pé, ọkọ̀ wo ló gbé ẹja yìí wá, ìgbà wo ló sì gúnlẹ̀? Ẹja tó rin ìrìn kékeré ló máa ń dùn. Gbogbo ìmọ̀ràn tó kù, orí èyí ló dúró lé.

Ibo ni kí ẹ lọ?

*Jẹ́bà, ìrìn ọjọ́ kan.* Èyí ló sún mọ́ wa jù. Láti Ọ̀fà, ẹ gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin, kí ẹ wá kọrí sí àríwá, ẹ kọjá Bódè Sáàdù, ẹ dé Jẹ́bà létí Odò Ọya. Láti Ìlọrin sí Jẹ́bà tó bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Bí ẹ bá kúrò nílé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ẹ óò jẹun ọ̀sán níbẹ̀, ẹ óò sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má rin ọ̀nà náà lóru.

Àwọn àgbà Ọ̀fà mọ Jẹ́bà dáadáa, nítorí ojú irin kan náà ló so wá pọ̀. Kí wọ́n tó parí afárá rélùwéè ibẹ̀ ní 1916, ọkọ̀ omi ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè tó ti Èkó wá kọjá Ọya. Lónìí, ìsàlẹ̀ ìdídò méjì ni ìlú náà wà: ti Kàǹjì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, jìnnà sí i, ti Jẹ́bà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1985, kò jìnnà sí ìlú. Àwọn Tápà ló pọ̀ jù nínú apẹja ibẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá àti Haúsá yóò bá yín ṣe gbogbo ìdúnàádúrà.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà jẹ ẹja ní Jẹ́bà. Èkíní ni ti ẹ̀bá títì: kí ọkọ̀ yín tó dúró tán, àwọn obìnrin á ti gbé àtẹ ẹja díndín àti ẹja yíyan sún mọ́ fèrèsé. Ó yá, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n dín in. Èkejì, tó dára ju ti àkọ́kọ́, ni kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ bèèrè ọ̀nà etí odò, kí ẹ bá ọkọ̀ apẹja níbi tó ti ń gúnlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ apẹja odò ń dẹ àwọ̀n sílẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n ń lọ gbé e. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ẹpìyà tó ṣì ń jà àti àrọ̀ tó nípọn bí apá. Ẹja ńlá kan tún wà nínú Ọya tí àwọn Haúsá ń pè ní gìwan rúwá. Bí ẹ bá rí ègé rẹ̀, ẹ rà á, ẹran rẹ̀ funfun, eegun rẹ̀ kò sì le fún ọmọdé láti yọ.

*Ẹ̀pẹ́, fún ẹni tó fẹ́ ẹja ọ̀sà.* Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, Ẹ̀pẹ́ ni kí ẹ lọ kí ẹ tó ronú kan òkun. Kò di dandan kí ẹ wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó: ẹ gba Ìkìrun, Òṣogbo, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó sì bọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjà Olúwo tó wà níbẹ̀ lókìkí nílẹ̀ Yorùbá fún ẹja tútù. Inú ọ̀sà Lẹ́kí ni púpọ̀ nínú ẹja náà ti ń jáde, omi rẹ̀ kò sì níyọ̀ tó ti òkun, nítorí pé Odò Ọ̀ṣun, tí ẹ ti kọjá ní Òṣogbo, ibẹ̀ ló ń já sí. Ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àrọ̀, edé àti akàn ni kí ẹ máa wá. Àwọn tó ń bá ènìyàn ha ìpẹ́ tí wọ́n sì ń la inú ẹja wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ óò ti dáná, ẹ bi ẹni tí ẹ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni olóúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wúlò ju pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ.

*Tarkwa Bay àti Àgbádárìgì, fún ẹni tó fẹ́ òkun gan-an.* Kò sí títì ọkọ̀ tó dé Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń lọ, láti èbúté CMS tàbí ti Victoria Island. Òkúta ìdènà tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló ń gba ìgbì lójú, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi rọ̀ ju ti etíkun yòókù lọ, tí ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ óò bá olóúnjẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ ra ẹja àti èédú dání.

Ní Àgbádárìgì, ẹ óò wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, ẹ óò sì fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun. Ojú ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà náà nìyẹn, nítorí náà ẹ rọra rìn, ẹ ṣàlàyé fún ọmọ. Àwọn apẹja Ègùn tó wà ní agbègbè náà ṣì ń fa àwọ̀n ńlá láti etíkun: apá kan okùn wà níbí, apá kejì wà lọ́hùn-ún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á sì máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé bá wọn nídìí rẹ̀, ẹ dúró. Ẹja tí wọ́n bá dà sórí iyanrìn lójú yín kò nílò ẹlẹ́rìí.

*Kùtọnu, fún ẹni tó ní ìwé ìrìnnà.* Ẹni tó bá lè gba ẹnubodè Sèmè kọjá yóò rí ilé oúnjẹ etíkun lóríṣiríṣi ní Fidjrossè, nínú ìlú Kùtọnu. Owó sẹ́fà ni ẹ óò ná, ẹ mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì pààrọ̀ owó ṣáájú kí ebi tó pa yín. Ẹja yíyan wọn máa ń bá ọbẹ̀ mọ́yò wá, ìyẹn tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, pẹ̀lú àkàsà tàbí pirọ́ọ̀nù, tí í ṣe gàárì tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ tẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa etíkun Èkó: ibi tí ìwé àtijọ́ tọ́ka sí lè má sí mọ́. Bar Beach, tí àwọn òbí wa máa ń kó wa lọ lọ́jọ́ ọdún, ti wọ abẹ́ ìlú tuntun Eko Atlantic. Ní 2024, iṣẹ́ ọ̀nà etíkun tó ń lọ láti Èkó sí Calabar gba apá tó pọ̀ lára etíkun Landmark. Ẹ pe ẹni tó wà ní ìlú náà kí ẹ tó gbéra.

Ìgbà wo ló dára jù?

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, òkun máa ń rọlẹ̀, ojú ọ̀nà á gbẹ, ọkọ̀ apẹja á sì máa jáde déédéé. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, òjò àti ìgbì máa ń pọ̀. Ọjọ́ tí òkun bá ru, apẹja kì í wọ̀ ọ́. Ẹja tí wọ́n bá sì fi tà yín lọ́jọ́ náà, ti àná ni tàbí ti inú yìnyín. Ẹ kúkú jẹ adìẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Ọya, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi rẹ̀ máa ń kún jù lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìlú tó wà létí odò ló rí ìjàǹbá rẹ̀ ní 2022. Bí omi bá kún, ẹja á tú ká sínú koríko, yóò ṣòro láti rí. Bí omi bá ti ń fà padà sínú odò ni àwọ̀n máa ń kún.

Ní ti ọjọ́, ẹ yẹra fún ọjọ́ kejì Kérésì, ọjọ́ kìíní ọdún àti ọjọ́ kejì Iléyá bí ẹ bá fẹ́ fara balẹ̀ jẹun. Èrò máa ń pọ̀, iná máa ń yára jó ẹja lójú nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì jinná, owó á sì lọ sókè.

Bí ẹ óò ṣe yan ẹja

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹja tí wọ́n ti kùn látààta wá bá yín. Ata àti Màgí ń bo àṣírí. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹja hàn yín ní tútù, kí ẹ sì wo nǹkan mẹ́rin:

Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, kó sì yọ síta díẹ̀. Ojú tó rì sínú, tó ṣe bàìbàì, ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níbi tó fi ń mí. Inú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa. Bó bá ti dà bí omi bíríkì, tàbí tó ń yọ̀ tó sì ń rùn, ẹ dá a padà.

Ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀. Ara ẹja tútù á padà sí bó ṣe wà; ti ẹja tó ti ń bàjẹ́ á jìn síbẹ̀.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Omi ni ẹja tútù ń rùn, kì í rùn bí ẹja.

Ẹja tó jáde látinú yìnyín ní àmì tirẹ̀: omi máa ń kán kúrò lára rẹ̀ púpọ̀, ara rẹ̀ a rọ̀ jọ̀bọ̀, gbogbo wọn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ṣà wọ́n sínú páálí. Ẹja tí àwọ̀n kó kì í dọ́gba. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú jíjẹ ẹja inú yìnyín. Ohun tí kò dára ni kí ẹ san owó ẹja àárọ̀ yìí lórí rẹ̀.

Létí òkun, ẹ bèèrè kútà tàbí apò. Kútà gùn, ẹran rẹ̀ le dáadáa, kì í tú lórí iná. Apò rọ̀, ó sì dára fún ẹni tí eyín rẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, apò inú yìnyín pọ̀ lọ́jà. Létí ọ̀sà, ọ̀bọ̀kún ni olórí: ọ̀rá rẹ̀ máa ń jẹ́ kó dùn nínú ata. Bí wọ́n bá gbé àrọ̀ wá fún yín létí òkun, ẹ mọ̀ pé inú adágún ẹja kan ló ti wá. Àrọ̀ kì í gbé inú omi iyọ̀.

Akàn àti edé, láàyè ni kí ẹ rà á, tàbí kí ẹ má rà á rárá. Akàn tó ti kú kí ó tó dé inú ìkòkò máa ń yára bàjẹ́.

Owó: kí ọ̀bẹ tó kàn án

A kò ní kọ iye owó síhìn-ín, nítorí yóò ti yí padà kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀nà tí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí ẹ tó ná an lọ́wọ́ ẹni kan. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn parí nígbà tí ẹja ṣì wà lódindi. Bí wọ́n bá ti la inú rẹ̀, tiyín ni, iyekíye tí wọ́n bá pè é.

Ìkíni ló ń ṣí ọjà. Ẹni tó bá kàn na ìka sí ẹja tó ní "èló?" yóò san owó àlejò. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń lọ:

"Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá."

"Àṣẹ, ọmọ mi. Èwo lo fẹ́ níbẹ̀?"

"Ọ̀bọ̀kún yìí, Mà. Ìgbà wo ni ọkọ̀ ẹ̀ dé?"

"Àárọ̀ yìí náà ni. Wo ojú ẹ̀."

"Ó dáa. Èló ni yóò jẹ́, tẹ́ ẹ bá la inú ẹ̀, tẹ́ ẹ yan án, tẹ́ ẹ fi ata àti dòdò sí i? Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gba owó yín sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, owó ẹja yàtọ̀, owó yíyan yàtọ̀, owó dòdò yàtọ̀, owó àga àti ibòòji tún yàtọ̀. Bí ẹ kò bá bèèrè lápapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn ó máa kà á fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tán. Ẹ mú owó tó fọ́ wẹ́wẹ́ dání. Nẹ́tíwọ̀kì fún fífi owó ránṣẹ́ kì í dára létí omi, "kò sí ṣéńjì" sì pọ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá owó wà fún àbáwọlé, nítorí etíkun aládàáni Èkó, bí Elegushi, máa ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà.

Bí àdéhùn bá ti parí, ẹ dúró ti ẹja yín títí yóò fi dé orí iná. Kì í ṣe àìfọkàntánni. Níbi tí iná kan ń yan ẹja oníbàárà mẹ́wàá, tiyín lè di ti ẹlòmíràn.

Lórí iná

Ẹja yíyan kò fẹ́ ọgbọ́n púpọ̀. Kí wọ́n fọ ọ̀bọ̀kún tàbí àrọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ títí yíyọ̀ ara rẹ̀ yóò fi lọ. Kí wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí iyọ̀ àti ata lè wọlé. Ata rodo, àlùbọ́sà, òróró díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti tó. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kó Màgí dà sí i. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi ní adùn tirẹ̀, owó adùn yẹn ni ẹ sì san.

Kí èédú ti fi eérú funfun bo ara kí ẹja tó kàn án. Ọwọ́ iná tó ń là máa ń jó awọ, a sì fi inú sílẹ̀ ní tútù. Ẹja ńlá nílò ìgbà. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó, ẹ máa wo omi. Bí wọ́n bá gbé e dé, ẹ fi fọ́ọ̀kì ṣí ibi tó nípọn jù, lẹ́bàá eegun ẹ̀yìn. Bí ẹran náà bá ti funfun, tó sì ń já kúrò lára eegun, ó ti jinná. Bó bá ṣì ń tàn bíi dígí, ẹ dá a padà sórí iná láìtijú.

Ní Jẹ́bà, níbi tí díndín ti pọ̀ ju yíyan lọ, ẹ wo òróró inú agbada. Èyí tó ti dúdú, tó ń ru èéfín, ti pẹ́ lórí iná. Ẹ ra ti ẹni tí ẹja rẹ̀ ń jáde lójú yín.

Kí ni a ó fi jẹ ẹ́? Létí Ọya, ẹ̀kọ tútù àti ata gígún kò ní àbùkù. Létí ọ̀sà, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi orí ẹja sè ni. Létí òkun, dòdò, bọ̀ọ̀lì tàbí dùndú. Bí ẹ bá ń lọ pẹ̀lú arúgbó tàbí ọmọ tí kò fẹ́ ata, ẹ ní kí wọ́n ya ata sọ́tọ̀ sínú abọ́, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú.

Ìdílé Mùsùlùmí tí kò fẹ́ ibi tí ọtí ti ń ṣàn lè rí àyè láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, kí àwọn amúlùúdùn tó dé. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n tún ń yan lórí wáyà kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi fóìlì wé ẹja yín, tàbí kí ẹ lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá sì ń gba àlejò, ẹ bèèrè èèwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó na ìka sí àrọ̀. Ìdílé wà tí kì í jẹ ẹ́.

Ìlera àti ààbò

*Eegun ẹja.* Bí eegun bá há sí ọ̀fun, ẹ má gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì láti fi tì í. Ó lè ti eegun náà wọ ara jinlẹ̀. Ẹ wúkọ́, ẹ mu omi díẹ̀; bó bá ń dunni síbẹ̀, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ilé ìwòsàn ni.

*Ẹja tó pẹ́ nínú oòrùn.* Irú ẹja bíi Títù, bó bá ti gbóná fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó dórí iná, máa ń ní májèlé kan tí sísè kì í pa. Ojú á pupa, orí á fọ́, ara á máa yún, nígbà mìíràn kí oúnjẹ tó dà nínú pàápàá. Ata tí ẹnu kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń ta ahọ́n bí ẹni pé ẹja fúnra rẹ̀ ló lata, jẹ́ àmì kan: ẹ dá jíjẹ dúró.

*Akàn àti edé.* Ara àwọn kan kì í gbà á. Ẹni tí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ wú lẹ́yìn tó jẹ edé nígbà kan kò gbọ́dọ̀ tún un dán wò níbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà. Ẹ má sì jẹ èyí tí kò jinná dáadáa.

*Omi.* Etíkun Èkó ní omi tó ń fani lọ sínú láìròtẹ́lẹ̀; ẹni tó mọ odò wẹ̀ ń bá a lọ. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ rì sínú rẹ̀, kí ojú yín má sì kúrò lára ọmọ. Bí omi bá fa ènìyàn, kó má bá a jà tààrà sí etíkun. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi jáde nínú ọ̀nà ìfà náà. Ní Jẹ́bà, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò lè mú kí odò ga lójijì. Níbi tí omi kò ti sáré, àtọ̀sí ajá lè wà níbẹ̀. Ẹ má wẹ̀.

*Ọkọ̀ ojú omi.* Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò ní láífù-jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èrò, títí kan ọmọ. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ so okùn rẹ̀; ẹ má jókòó lé e. Ẹ san owó àlọ nìkan bí ẹ kò bá mọ ọlọ́kọ̀, kí ẹ sì fẹnu kò sí wákàtí tí yóò padà wá gbé yín, kí ilẹ̀ tó ṣú.

*Fọ́tò.* Afárá àti ìdídò jẹ́ ibi tí ìjọba ń ṣọ́. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yọ fóònù. Bákan náà ni fún apẹja àti ìyá ẹlẹ́ja: ẹ kí wọn, ẹ bèèrè, kí ẹ tó yà wọ́n.

Bí àyè ìrìn kò bá sí

Ọ̀fà kò ní òkun, ṣùgbọ́n ó ní adágún ẹja. Àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú ìlú àti ní agbègbè wa ń bẹ láàyè nínú ọpọ́n ní àwọn ilé ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń ta point and kill. Ẹ na ìka sí i, wọ́n á pa á, wọ́n á sè é. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí a gbé kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹja yìí kò rìn rárá. Ó tutù ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà létí òkun lọ. Ohun tí kò ní ni adùn odò tó ń ṣàn, nítorí oúnjẹ inú àpò ló jẹ dàgbà. Bí owó ọkọ̀ bá ti wọ́n jù, kò sí ìtìjú nínú èyí.

Mímú ẹja bọ̀ wálé

Ará ilé ń retí. Ẹja yíyan gbígbẹ ló rọrùn jù láti gbé. Inú páálí tàbí apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò sì hu. Bí ẹ bá délé, ẹ tún un gbé síbi iná díẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

Ẹja tútù nílò kúlà. Kí wọ́n la inú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́jà, ẹ tẹ́ yìnyín sísàlẹ̀, ẹ to ẹja lé e, ẹ tún kó yìnyín bò ó. Ìwọ̀n yìnyín gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n ẹja. Ẹ jẹ́ kí omi tó ń yọ́ rí ọ̀nà jáde, kí ẹja má sùn nínú rẹ̀. Láti Jẹ́bà, èyí rọrùn. Láti Ẹ̀pẹ́, ẹ ra yìnyín mìíràn ní Ìbàdàn. Láti Èkó, bí ẹ bá fẹ́ yẹra fún ọ̀nà márosẹ̀, rélùwéè tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ń gbé èrò láti Èbúté-Mẹ́ta dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ẹ óò wọ mọ́tò Ọ̀fà láti ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè wákàtí tó ń gbéra, kí ẹ sì di kúlà pa dáadáa nítorí àwọn tí ẹ jọ wọ ọkọ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú bọ̀: nọ́ńbà fóònù ìyá ẹlẹ́ja tó ta ojúlówó fún yín. Etíkun lè yí padà, ilé oúnjẹ lè kó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu omi ló mọ̀ bóyá ọkọ̀ jáde lónìí. Nígbà mìíràn tí ìsinmi bá ń bọ̀, ẹ pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kí i, ẹ bèèrè bí omi ṣe rí. Bó bá ní kí ẹ má tíì wá, ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.